HEINRICH SCHLIEMANN: ONÍṢÒWÒ TÍ Ó PA ÌSỌ̀ RẸ̀ DÉ KÍ Ó LÈ RIN AYÉ

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ń ṣòwò àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìwé, àgàgà ní alẹ́ nígbà tí ara bá ti rẹ̀ ẹ́ tán, tí ó sì ku òun àti ìwé ìṣirò rẹ̀ nìkan níwájú fìtílà. Ìbéèrè náà ni pé: ìgbà wo ni ó tó? Ìgbà wo ni ènìyàn lè wí pé owó tí òun ní tó òun, kí ó pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, kí ó sì fi ọdún kan tàbí méjì lọ wo bí Ọlọ́run ti dá ayé sí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ń sún ìdáhùn náà síwájú títí ikú fi ń bá wa dáhùn rẹ̀. Nítorí náà ni àwa ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè yìí nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 42, nígbà tí ọjà rẹ̀ sì ń tà jù lọ. Heinrich Schliemann ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó wú wúrà Troy jáde nínú ilẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ pé oníṣòwò èlú ni kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ìrìn àjò yí ayé ká ni ó wà láàárín ìsọ̀ rẹ̀ àti wúrà náà.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1822, ní Neubukow, ìlú kékeré kan ní agbègbè Mecklenburg ní ìhà àríwá ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí wọ́n gbé baba rẹ̀, tí í ṣe àlùfáà ìjọ Luther, lọ sí abúlé Ankershagen, níbẹ̀ ni ọmọ náà sì gbé dàgbà. Àwọn ọmọ inú ilé náà pọ̀, owó kò pọ̀. Ní ọdún 1831, nígbà tí Heinrich jẹ́ ọmọ ọdún 9, ìyá rẹ̀ kú. Baba rẹ̀ ti ń bá ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé lò ní ìlò tí kò yẹ àlùfáà, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo ní abúlé; àwọn ará ìjọ kẹ̀yìn sí i, a sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Báyìí ni ilé náà ṣe túká. A fi Heinrich ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ arákùnrin baba rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé kò sí mọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ kan ní Fürstenberg.

Ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni ó lò níbẹ̀. Ẹja oníyọ̀, bọ́tà, kọfí, ṣúgà, òróró, àbẹ́là àti ọtí líle ni wọ́n ń tà fún àwọn tálákà, ní wẹ́wẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti gbá ìsọ̀, ọ̀gànjọ́ ni yóò sì tó sùn. Kò sí àyè fún ìwé rárá. Ní ọjọ́ kan ó gbé àgbá tí ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì fi àyà ṣèṣe, ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ìsọ̀ náà parí fún un nìyẹn. Ó fi ẹsẹ̀ bọ ọ̀nà Hamburg, kò rí iṣẹ́ tí ara rẹ̀ lè gbé. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1841 ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń lọ sí Venezuela, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ inú ọkọ̀. Ìjì mú ọkọ̀ náà ní etíkun Holland, ó sì fọ́. Wọ́n yọ Heinrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òtútù oṣù kejìlá, láìsí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Bí ó ṣe dé Amsterdam nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ó rí ní Amsterdam ni kí ó máa gba owó ìwé káàkiri ìlú, kí ó sì máa mú lẹ́tà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, èyí sì dára fún un, nítorí pé orí rẹ̀ wà ní òmìnira. Ó ń gbé nínú yàrá òkè àjà kan tí kò ní iná, ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń ná lórí kíkọ́ èdè. Bí ó ti ń kọ́ ọ ni pé yóò máa kàwé sókè pẹ̀lú ohùn rara lójoojúmọ́, kò ní túmọ̀ rẹ̀, yóò kọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, olùkọ́ yóò tún un ṣe, ní ọjọ́ kejì yóò sì kà á lórí. Kì í rìn láìní ìwé lọ́wọ́, òjò ì báà máa rọ̀. Bí ó bá tò sí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ìwé ni yóò máa kà. Báyìí ni ó ṣe gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Holland, Spain, Portugal àti Ítálì láàárín ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó kan ti Rọ́ṣíà, kò rí olùkọ́ kankan. Ó háyà bàbá arúgbó kan pé kí ó máa wá jókòó ní alaalẹ́ kí ó máa gbọ́ bí òun ti ń ka ẹ̀kọ́ òun lórí. Bàbá náà kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, owó rẹ̀ ni ó ń gbà. Ariwo ìwé kíkà yìí mú kí Schliemann kó kúrò nílé ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí àwọn tí ń gbé inú ilé kan náà kò lè sùn.

Ẹni tí ó gbọ́ èdè alábàárà rẹ̀ ti bá a ná ọjà dé ìdajì. Ilé òwò Schröder gbà á síṣẹ́ ní 1844, nígbà tí wọ́n sì rí i pé ó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, wọ́n rán an lọ sí St. Petersburg ní 1846 láti jẹ́ aṣojú wọn. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tajà. Èlú ni òwò rẹ̀ ní pàtàkì, èlú kan náà tí àwọn aláró wa ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ iyì rẹ̀. Ní 1850 ìròyìn dé pé àbúrò rẹ̀ tí ó lọ wá wúrà ní California ti kú. Schliemann lọ síbẹ̀ ní 1851 láti wo ohun tí àbúrò náà fi sílẹ̀, ó dúró ní Sacramento, ó sì ń ra wúrà lọ́wọ́ àwọn awakùsà. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kò lo ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tí ó fi padà sí Rọ́ṣíà pẹ̀lú èrè ńlá, ní 1852 ó sì gbé Ekaterina Lyschina níyàwó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Sergei, Natalya àti Nadezhda. Ṣùgbọ́n ilé náà kò tòrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ń wọlé, ìfẹ́ kò bá a wọlé.

Nígbà tí ogun Crimea bẹ́ sílẹ̀ ní 1853, ó kó èlú rẹ̀ wọlé, ó sì tún ń ta òjé, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Ogun tí ń pa ọmọ ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ńlá. Àwa kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Ní 1854 iná jó ìlú Memel, ibùdókọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ wà. Ó gbọ́ ìròyìn náà lójú ọ̀nà, ó sì gbà pé òun ti di tálákà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó bá ọjà rẹ̀ láìfarapa nínú àká onípákó tí iná kò dé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ti ń jẹ́ ohun ìyanu lójú rẹ̀: ohun tí iná lè kó ní ọjọ́ kan, kí ni a fi gbogbo ayé ẹni ṣọ́ ọ fún?

Ní 1856 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Gíríìkì, ti òde òní àti ti àtijọ́, ó sì ń ka ìtàn ogun Troy tí akéwì Homer sọ. Ní 1858 ó gbà pé owó òun ti tó, ó sì kúrò ní Rọ́ṣíà. Ó la Sweden, Denmark, Jámánì àti Ítálì kọjá, ó gun odò Náílì lọ sókè títí dé ilẹ̀ Nubia, ó kọ́ èdè Lárúbáwá lójú ọ̀nà, ó gba aṣálẹ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì dé Áténì. Ibẹ̀ ni ìwé ìpè ẹjọ́ ti bá a. Oníṣòwò kan tí ó jẹ ẹ́ lówó ní St. Petersburg kò fẹ́ san án, ó sì ti pe Schliemann lẹ́jọ́ pé oníjìbìtì ni. Kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ó padà. Ẹjọ́ náà fà gùn fún ọdún mélòó kan. Bí ó ti ń dúró dè é, ó tún ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó ta èlú, ó ta òwú, ó ta tíì. Èrè tí ó jẹ ní àkókò ìdúró yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ní oṣù mẹ́fà nìkan ní ọdún 1860, ọjà tí òun kó wọlé tó ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin oníṣòwò. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí pé ó fi gbèsè tí a kò tí ì yanjú sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, tí ó sì lọ sí àjò, ìsọ̀ náà ni yóò máa pè é láti ẹ̀yìn. Schliemann kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó jàre ẹjọ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1863, ó gba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, ó san èyí tí òun jẹ, ó ta ọjà tí ó kù, ó sì pa òwò náà rẹ́ pátápátá. Kò fi ọmọ-ọjà kan sípò láti máa bá a tà á. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń fi owó rẹ̀ ra ìpín nínú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àti àwọn ilé ní Paris tí ó ń háyà fún ènìyàn, kí owó lè máa wọlé láìsí òun lórí ìjókòó ìsọ̀. Nínú ọgbọ́n òwò, a kò rí ibi tí a lè dá a lẹ́bi.

Ní 1864, ọdún kan náà tí a fi baba wa Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Schliemann bọ́ sí ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ lọ sí Tunis láti wo àwókù Carthage, ó tún fi ojú kan Íjíbítì, ó sì kọjá lọ sí Ceylon àti Íńdíà. Ilẹ̀ Íńdíà yìí ni púpọ̀ nínú èlú tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò nígbà náà ti ń wá. Ẹni tí ó ti ń fi ìwé ìṣirò ka èlú fún ogún ọdún wá fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí ó ti hù. Ó rí Madras, Calcutta, Benares, Agra, Lucknow àti Delhi, ó sì dé ẹsẹ̀ òkè Himalaya. Láti ibẹ̀ ó gba Singapore lọ sí Java, ó dé Saigon, ó sì wọ ilẹ̀ Ṣáínà ní 1865.

Oṣù bíi méjì ni ó lò ní Ṣáínà, láti Hong Kong dé Peking. Ìlú ọba náà, tí ó ti gbọ́ òkìkí rẹ̀, jà á kulẹ̀: ó bá ilé àti afárá tí ó ti wó, àti ìdọ̀tí lójú pópó. Ṣùgbọ́n ó lọ sí odi ńlá tí àwọn ọba Ṣáínà mọ láti dá àwọn ẹlẹ́ṣin àríwá dúró, ó gùn ún lọ sókè níbi tí kò rọrùn láti gùn, ó sì dúró lórí rẹ̀ ó ń wo bí ó ti ń lọ láti orí òkè dé orí òkè, tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí odi jẹ́ fún ìlú yóò mọ ohun tí ó rí. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí òun rí, kò sí èyí tí ó dà bí i rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ó gúnlẹ̀ sí Japan, ilẹ̀ tí kò tí ì pẹ́ tí ó gba àlejò òyìnbó láyè. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà á lẹ́nu jẹ́ ohun tí yóò ya ẹnikẹ́ni tí ó ti kó ẹrù kọjá ní ibodè lẹ́nu. Àwọn aṣọ́bodè ní kí ó tú ẹrù rẹ̀. Òun, gẹ́gẹ́ bí àgbà oníṣòwò, na owó díẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè fojú fò ó. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n fi ọwọ́ lu àyà wọn pé ọmọ Japan ni àwọn, àwọn kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀; wọ́n yẹ ẹrù rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó rí ìmọ́tótó àwọn ènìyàn náà, ilé ìwẹ̀ wọn, àwọn tẹ́ńpìlì àti ilé eré ní Yedo, ìlú tí a ń pè ní Tokyo lónìí. Ó lọ wo ìlú Hachioji tí wọ́n ti ń hun aṣọ ṣẹ́dà. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Schliemann dé oko baba ẹlòmíràn, ó sì jẹ́wọ́ pé ó dára.

Láti Japan ó wọ ọkọ̀ kékeré kan tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì la òkun Pàsífíìkì kọjá sí San Francisco. Ọjọ́ 50 ni wọ́n lò lójú omi, láìrí ilẹ̀. Àwọn ọjọ́ náà ni ó fi kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí Ṣáínà àti Japan, ní èdè Faransé. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní 1867. Lẹ́yìn èyí ó gba Nicaragua lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó rí Havana ní Kúbà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣì wà nínú oko ẹrú nígbà náà, ó rí olú-ìlú Mẹ́síkò, ó sì dé Paris ní ìgbà ìrúwé ọdún 1866. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì tí ó ti kúrò.

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti le. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ilé wo ni Schliemann yóò relé sí? Ní gbogbo àkókò yìí Ekaterina àti àwọn ọmọ mẹ́ta wà ní St. Petersburg. Ó kọ̀wé sí i pé kí ó kó àwọn ọmọ wá bá òun ní Paris, ó ṣèlérí ilé dáradára àti olùkọ́ fún wọn; nígbà tí ìyẹn kò ràn án, ó halẹ̀ pé òun yóò dá owó dúró. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀, èdè rẹ̀, ìjọ rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà ní Rọ́ṣíà. Ọkùnrin tí ó fi í sílẹ̀ láti lọ wo ayé kò lè fi ìwé lẹ́tà pè é jáde. Àwa kò lè dá a lẹ́bi. Ní 1869 Schliemann lọ sí Amẹ́ríkà, ó di ọmọ ilẹ̀ náà ní New York, ó sì gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní Indianapolis. Òfin Rọ́ṣíà kò mọ ìkọ̀sílẹ̀ náà. Ní ọdún kan náà ni Natalya ọmọ rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún, kò tún sí láyé láti mọ baba rẹ̀.

Bí ó ti rí nìyẹn: ọkùnrin yìí yanjú ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oníṣòwò St. Petersburg, títí dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn, kí ó tó lọ. Ìṣirò kan ṣoṣo tí kò yanjú ni ti inú ilé rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ mú kí ìrìn rẹ̀ ṣeé ṣe. Èyí kejì ni ó ń san títí ó fi kú.

Ní Paris ó jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní Sorbonne, ó ń kọ́ nípa ayé àtijọ́. Ní 1868 ó tún bọ́ sọ́nà, ó lọ sí erékùṣù Ithaca, ó kọjá sí ilẹ̀ Tọ́kì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Troasi wà, ìlú tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà gbà pé àlọ́ lásán ni ìtàn Troy. Ẹ fi wé bí ẹni pé àwọn kan wí pé kò sí Ọ̀yọ́-Ilé rí, tí ẹnì kan sì gbé ọkọ́ lọ sínú igbó láti wá ògiri rẹ̀. Schliemann kọ́kọ́ wá a ní ibi tí kò sí. Frank Calvert, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń gbé agbègbè náà, tí ó sì ní apá kan nínú òkìtì tí wọ́n ń pè ní Hisarlik, ni ó sọ fún un pé abẹ́ òkìtì náà ni ìlú náà wà. Calvert ti ń wa ilẹ̀ níbẹ̀, owó ni kò ní. Nígbà tí òkìkí dé, Schliemann kò fẹ́ rántí Calvert mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1869 ó fẹ́ Sophia Engastromenou ní Áténì. Ọmọ ọdún 17 ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ 47. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Andromache àti Agamemnon. Ní 1871 ìjọba Tọ́kì fún un ní àṣẹ, ó sì kó ọ̀pọ̀ alágbàṣe jọ sórí òkìtì náà. Ó fi ìkánjú oníṣòwò wa ilẹ̀: ó gbẹ́ yàrà ńlá kan la àárín òkìtì já, nítorí ó gbà pé Troy ti Homer yóò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1873 ó bá wúrà: ife, ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ orí, ó sì pè é ní ìṣúra ọba Priam. Ó kó o sá jáde lọ sí Áténì láìjẹ́ kí ìjọba Tọ́kì mọ̀. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ ní kí ó san 10,000 franc. Ó san 50,000, ó sì di ìṣúra náà mú.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a f'agbára mú ní í le. Wúrà náà kì í ṣe ti Priam. Ó dàgbà ju àkókò ogun Troy lọ ní bí 1,000 ọdún, nínú ìkánjú rẹ̀ láti dé ìsàlẹ̀, Schliemann sì ti la ìlú tí ó ń wá kọjá, ó sì ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù pẹ̀lú erùpẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn gbogbo ayé pé ìlú wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ìlú lórí ìlú. Ní 1876 ó wa ilẹ̀ ní Mycenae ní Gíríìsì, ó sì bá ibojì àwọn ìjòyè àtijọ́, tí a fi wúrà bo ojú wọn. Bí ọdún ti ń lọ ni ó ń kọ́ sùúrù. Ó mú Wilhelm Dörpfeld, tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, mọ́ra, ìwakilẹ̀ wọn sì di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé lè gbẹ́kẹ̀ lé.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ṣeé gbà tán. Ó kọ ọ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun ti pinnu láti wá Troy, àti pé nítorí rẹ̀ nìkan ni òun ṣe wá owó. Ó kọ ọ́ pé Sophia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní ọjọ́ tí òun rí wúrà, tí ó sì fi ìborùn rẹ̀ kó o. Áténì ni Sophia wà ní ọjọ́ náà. Ó kọ̀wé lórí iná tí ó jó San Francisco ní 1851 bí ẹni tí ó fojú rí i, kò sì sí níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá: láti ọdún 1972 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi ìwé rẹ̀ wé ara wọn, tí wọ́n sì ń rí ibi tí wọn kò bára mu. Ní ti àwa, a rò pé òtítọ́ dára ju ìtàn tí ó hùmọ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé kò mọ ohun tí òun ń wá nígbà tí ó pa ìsọ̀ rẹ̀ dé. Ó lọ láti wo ayé, lójú ọ̀nà ni ó sì ti rí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rántí rẹ̀.

Ní 1890 ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Halle nítorí etí tí ó ti ń dà á láàmú. Kò dúró kí ó san tán. Ó ń kánjú padà sọ́dọ̀ Sophia àti àwọn ọmọ ní Áténì, ó sì yà ní Naples. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ó ṣubú lójú títì, kò lè sọ̀rọ̀. Ó kú ní ọjọ́ kejì, 26 oṣù kejìlá, ọmọ ọdún 68. Áténì ni wọ́n sin ín sí. Ìṣúra tí ó fi ta àwọn ará Jámánì lọ́rẹ ní 1881 wà ní Berlin títí di 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kó o lọ. Fún ọdún bí 50 a kò mọ ibi tí ó wà; ní 1996 wọ́n fi í hàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pushkin ní Moscow. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó fi sílẹ̀ ni wúrà rẹ̀ padà sí.

Kí ni kí a wá wí nípa ọkùnrin yìí? Àwọn kan yóò wí pé ìwà àṣejù ni kí ènìyàn pa ìsọ̀ tí ń tà dé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti jókòó ti èlú rẹ̀ títí ó fi kú, ọlọ́rọ̀ kan ni ì bá jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ St. Petersburg, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, bí ìṣẹ́ bá sì ti san, kò lòdì kí ènìyàn gbé oògùn kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bí Schliemann, kí ó ṣí ìwé ìṣirò méjì. Nínú èkíní, kí ó kọ gbèsè ọjà sí. Nínú èkejì, kí ó kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò máa wo ojú ọ̀nà dè é sí, kí ó bi wọ́n bí wọ́n bá lè bá a lọ, tàbí bí wọ́n bá lè dúró dè é, iye ọdún tí wọ́n sì lè dúró. Bí ìwé méjèèjì bá ti tọ́, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó máa lọ. Ayé fẹ̀, a kì yóò sì wá a lẹ́ẹ̀mejì.